Ọwọ́ Ọ̀tún, Níwájú Apá

Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ síta pé mo fẹ́ wọ bàálù ni mo mọ̀ pé èmi nìkan ló kù ní Ìlá tí kò tíì fò rí. Ẹni tó ń ta epo bẹntiróòlù ní ìkòríta ti fò. Ẹni tó ń lẹ táyà níwájú rẹ̀ ti fò. Ẹni tí kò bá fò fúnra rẹ̀ ní àbúrò tó ti fò, ohun tí àbúrò náà sì sọ fún un ló fi ń kọ́ mi lọ́gbọ́n. Olúkúlùkù ní ìmọ̀ràn. Wọ́n ní kí n jẹ obì kí etí mi má baà dí. Wọ́n ní kí n má jẹ obì rárá. Ọlọ́kadà kan tó gbé mi bọ̀ láti ọjà yí ojú padà lórí eré, ó ní, "Ìyá, bí ẹ bá ti dé òkè, ẹ má wolẹ̀ o, òòyì á kọ́ yín." Mo ní kí òun náà wo iwájú kó tó pa mí sórí ilẹ̀ níbi.

Òun gan-an ló sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, nítorí pé ilẹ̀ ni mo fẹ́ wò. Mo fẹ́ rí aṣálẹ̀. Ọmọbìnrin mi tó wà nílùú Òyìnbó lóyún, ó ní kí n wá bá òun wẹ ọmọ, bàálù tó sì ń lọ sọ́hùn-ún ní láti gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Mo fẹ́ jókòó síbi tí n ó ti rí aṣálẹ̀ náà kedere, lójú ọ̀sán, láìsí ohun tó dí mi. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá, kò sì sí ẹni tó gbà pé ó lè jẹ́ ìyẹn nìkan.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, jọ́gíráfì ni mo sì kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dọọdún ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì yẹ́lò ya òkìtì iyanrìn sójú pátákó. Mo ń ya ràkúnmí tí àwọn ọmọ ń pè ní ewúrẹ́ tó ru ẹrù. Mo ń sọ fún wọn bí oòrùn ibẹ̀ ṣe ń jó èèyàn lọ́sàn-án àti bí òtútù ibẹ̀ ṣe ń mú èèyàn lóru, ẹ óò sì rò pé ibẹ̀ ni mo sùn mọ́jú. Ìlọrin ni ibi tó jìnnà jù tí mo dé rí lápá òkè. Bí ọmọ kan bá bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?" mo máa ń sọ fún un pé kó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí n kú láìdébẹ̀, kó má sì dùn mí, bí kì í bá ṣe ti ojú mi. Ojú mi òsì fẹ̀yìn tì ṣáájú èmi gan-an. Dókítà sọ fún mi pé àrùn tó ń jí ìmọ́lẹ̀ lójú èèyàn ni, pé èyí tó ti jí kò lè padà, pé oògùn tí mo ń kán sójú ń bá wa bẹ̀ ẹ́ kó má tètè gbé èyí tó kù ni. Mo ní, "Ọ̀tún ńkọ́, dókítà? Ó kù tó ìgbà wo?" Ó ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Nígbà tí dókítà bá ti ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó yẹ kí èèyàn tètè lọ wo ohun tó bá fẹ́ wò. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi pè mí pé òun lóyún, mo yọ̀, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, aṣálẹ̀ ti wà níwájú mi.

Àgbà ìjọ wa kan ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Bàbá náà ti lọ sí Jerúsálẹ́mù. Láti ìgbà tó ti dé ni lẹ́tà méjì, JP, ti wà ní ìdí orúkọ rẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ̀: ó wà lára géètì rẹ̀, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wà lára àga tó fi ta ìjọ lọ́rẹ. Ó ti fi ìrìn àjò náà wàásù nípa aginjù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pẹ̀lú ohùn ẹni tó bá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rìn ín. Mo dúró dè é lẹ́yìn ìsìn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀gbẹ́ wo ló dára kéèyàn jókòó sí kó lè rí aṣálẹ̀?"

Ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ó ní, "Ọwọ́ òsì ni, Tíṣà."

"Kí lẹ rí lọ́wọ́ òsì, sà?"

"Èmi ò sí lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi mí sí, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ariwo ayọ̀ àwọn tó wà lọ́wọ́ òsì."

Mo padà gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n jọ lọ pé oúnjẹ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọwọ́ òsì.

Mo lọ bá Àlùhájì tó kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ wa. Òun kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Ọwọ́ ọ̀tún!" Inú mi dùn, mo fa àga mọ́ ọn, mo ní kí ló rí níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ọwọ́ òsì lẹ fi ń jẹun ni?" Nígbà tí mo bi í síwájú sí i, ó jẹ́wọ́ pé òun sùn ní kété tí bàálù gbéra, pé Jíddà ni wọ́n ti jí òun. Ó fi Ọlọ́run búra pé oorun náà dára púpọ̀.

Mo ronú lé e nígbà tí mo délé. Àwọn ará ìlú wa ti fò kọjá lórí aṣálẹ̀ yìí láìmọye ìgbà. Àwọn kan gbàdúrà kọjá, àwọn kan sùn kọjá, àwọn kan jẹun kọjá, gbogbo wọn sì gba oyè dé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bojú wolẹ̀.

Mo bá padà sórí ohun tí mo mọ̀. Àríwá ni bàálù ń kọjú sí. Àárọ̀ ló ń gbéra ní Èkó, ọ̀sán á ti pọ́n kó tó dé aṣálẹ̀, oòrùn á sì ti máa yẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, tí í ṣe ọwọ́ òsì. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ òsì, oòrùn ni yóò wò. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí n wà nígbà náà, ojú ọ̀tún ni mo sì ní. Kí n wà níwájú apá bàálù pẹ̀lú, nítorí pé apá yẹn fẹ̀, odindi ìlú ló lè bò mọ́ni lójú. Ọwọ́ ọ̀tún, níwájú apá. Àlùhájì gba ìdáhùn náà láìṣiṣẹ́ fún un, mo sì gbà fún un tìbínútìbínú.

Kó lè dá mi lójú, mo to àga oúnjẹ sí pálọ̀ wa, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, mo sì kọ ẹ̀gbẹ́ wọn sí fèrèsé. Mo ní kí ọkọ mi di pákó ìlọṣọ mú, kó nà án síta bí apá. Ọkọ mi jẹ́ onísùúrù. Ó di pákó náà mú, ó ní, "Ṣé kí n máa dún bí ẹ́ńjìnnì ni?" Mo ní kó dákẹ́, kó sún apá sẹ́yìn díẹ̀. Ibi tí a ti wà nìyẹn tí arábìnrin kan láti ìjọ wa fi wọlé. Ó wo arúgbó méjì tí wọ́n to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n kọjú sí ògiri, ọ̀kan gbé pákó dání, ọ̀kan fi ọwọ́ bo ojú kan. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa, ó sì jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ aládùúrà ti ń gbààwẹ̀ nítorí wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá èèyàn ra ìwé ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, sọ fún mi pé, "Mọ́mì, wíńdò ni wíńdò." Mo bi í bóyá máàkì ni máàkì nígbà tó ṣe ìdánwò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí àwòrán inú bàálù fún mi, mo sì mú un rìn ín láti orí dé ìdí. A rí ibi kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bàálù tí kò ní fèrèsé rárá, ògiri lásán. Bí mo bá ti gbọ́ tirẹ̀ ni, ògiri yẹn ni n bá gbé ojú lé dé ìlú Òyìnbó. A yan èyí tó dára jù. Ọmọ inú oyún náà sì ní làákàyè, ó yàn láti wáyé lákòókò iṣu tuntun, tí ọyẹ́ kò sí níbì kankan láti fi erukú bo ilẹ̀ mọ́ mi lójú.

Ní báyìí tí èmi náà ti fò tí mo ti bọ̀, wọ́n ti ń wá bi mí. Mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn: ọwọ́ ọ̀tún, níwájú apá. N kì í sọ ìyókù.

Ìyókù rèé. Mo wọ inú bàálù lọ́jọ́ náà, mo di ìwé mi mú, mo ń ka nọ́ńbà orí àga. Nígbà tí mo dé ìdí tèmi, ìyá àgbàlagbà kan ti wà níbẹ̀. Ìyá náà kéré, ó wé gèlè, ó wọ súwẹ́tà lé ìró àti bùbá, ó sì ti fa ìdérí fèrèsé sílẹ̀ pátá, kò sí ìmọ́lẹ̀ tó lè yọjú. Àga tirẹ̀ ni èyí tó tẹ̀ lé tèmi, ti àárín.

Òyìnbó ìbá na ìwé rẹ̀ síta. Òyìnbó ìbá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, àga mi nìyí," wọn ìbá pàrọ̀, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Èmi kúnlẹ̀. Láàárín ọ̀nà tóóró yẹn, pẹ̀lú báàgì léjìká àti èrò tó ń tì mí lẹ́yìn, mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà."

Ojú ìyá náà mọ́lẹ̀. "Ọmọ mi! Ọmọ ibo ni ọ́?"

Ohùn ilé wa ni. Mo ní ọmọ Ìlá ni mí. Ó ní ọmọ Òkè-Ìlá ni òun. Ìlá àti Òkè-Ìlá, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wá, àwọn baba wa sì lo gbogbo ayé wọn lórí ta ni ẹ̀gbọ́n. Ìyá yìí parí ìjà náà lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí pé òun ló wà lórí àga, èmi ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Ó ní n kò ní rí ibi lọ́nà. Mo ní àmín. Ó ní n ó fojú rí ohun rere. Mo ní àmín sí ìyẹn tagbáratagbára.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi ti kú. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe àmín sí àdúrà àgbà, kéèyàn wá dìde kó ní, "Ẹ gbéra níbẹ̀, mà"? Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò wá, ó wo ìwé mi, ó wo ìyá, ó sì fẹ́ bá mi dá sí i. Mo gbọ́ tí ẹnu èmi fúnra mi ń sọ fún un lédè Òyìnbó pé kò sí wàhálà. Mo jókòó sí àárín. Inú ń bí mi, orúnkún mi ni inú sì ń bí mi sí jù.

Mo fọkàn sí i pé a ṣì lè ṣí fèrèsé. Mo dúró títí bàálù fi tẹ́ sójú òfurufú, tí wọ́n jẹun tán. Mo wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

"Mà, ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé yìí díẹ̀."

"Kí la fẹ́ wò?"

"Aṣálẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà. Iyanrìn ni."

Ìyá wò mí títí. "O jí láàárọ̀, o wẹ̀, o múra, o fẹ́ lọ wo ibi tí kò sí nǹkan kan? Jẹ́ ó wà ní pípadé, ọmọ mi. Ìmọ́lẹ̀ ń dà mí láàmú."

Kí lèèyàn ó sọ? Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lẹ́yìn àga iwájú mi, mo tàn án, ó gbé máàpù jáde. Bàálù kékeré kan ń rìn lórí ilẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀, ó ti wọ aṣálẹ̀ gan-an. Máàpù! Mo ti fi ọ̀pá tọ́ka sí máàpù yìí fún àwọn ọmọ títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo tún gòkè ọ̀run wá láti wá wò ó. Aṣálẹ̀ wà lábẹ́ mi, ike pẹlẹbẹ kan àti ìyá kan ló là wá láàárín.

Ìyá ń bá mi sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ilé ti dá jù, kò sí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lóko obì wọn, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun nílùú Òyìnbó. Ó ti ti ilé, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ìyàwó ilé kejì. Mo ní, "Ìgbà wo lẹ óò padà, mà?" Ó ní ọmọ òun ní kí òun kọ́kọ́ dé ná. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé ó jìnnà?" Mo ní kò jìnnà, mà. Ó ti bi ọmọbìnrin tó gbé omi wá ní ìbéèrè yìí náà. Èmi ò kà á sí, ara máàpù ni ojú mi wà.

Nígbà tó yá, ó fọwọ́ tọ́ mi. "Ọmọ mi, mo fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo dìde, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwájú, a bá ń rìn lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, ìyá ń kí gbogbo ẹni tó jí, ó sì ń rọra kí àwọn tó sùn. Nígbà tí a débẹ̀, ó rí bí yàrá náà ṣe há tó, ó ní, "Má tì mí mọ́bẹ̀ o." Ó ní kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí díẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ dá ilẹ̀kùn dúró, mo sì yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ìtìjú àgbà.

Ibi tí mo yíjú sí ni ilẹ̀kùn ńlá bàálù wà, lọ́wọ́ ọ̀tún. Fèrèsé róbótó kan wà lára rẹ̀, kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ojú mi ọ̀tún lé e.

Kì í ṣe yẹ́lò. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn. Pupa ni, pupa páànù tó ti dógùn-ún, òkúta dúdú sì gba àárín rẹ̀ kọjá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mo rí ojú ọ̀nà odò, ẹ̀ka-ẹ̀ka, tí kò ní ẹ̀kán omi kan. Kò sí igi, kò sí ilé, kò sí èéfín, kò sí ọ̀nà. Òjìji kan ń sáré lórí rẹ̀, ìkùukùu tó dá wà ló ni ín. Gbogbo ọmọ tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì yẹ́lò tàn jẹ ń bọ̀ lọ́kàn mi. Omi bọ́ lójú mi, ó bọ́ lójú tó ríran, ó bọ́ lójú tí kò ríran. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò tíì pẹ́ jù fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bàbá ìjọ wa, pé ibi yìí gan-an ni wọ́n fi í sí, mo sì bú sẹ́rìn-ín.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà bú ramúramù. Ìyá fò jáde, ó di ìró mú. "Ó fẹ́ gbé mi mì!"

Bí mo bá gbọ́n, n bá mú un lọ jókòó. Ṣùgbọ́n inú mi ti dùn jù. Mo ní, "Ìyá, ẹ wá wò ó, ẹ wá wò ó," mo sì fà á mọ́ra, mo gbé ojú rẹ̀ sí fèrèsé náà.

Ó wò ó.

"Ibí yìí là ń gbà kọjá?"

"Ibẹ̀ ni, mà."

"Ó ti pẹ́ tí a ti wà lórí ẹ̀?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"Ṣé ó kù?"

"Ó kù dáadáa, mà!" Ìgbéraga tíṣà ti gùn mí. "Ó tó bí Nàìjíríà mẹ́wàá."

Ìyá kò mójú kúrò. Ó fi ìka kan kan gíláàsì náà. "Bí n bá fẹ́ padà sílé, ibí yìí náà ni n ó gbà?"

Mo ní, "Wọn óò fi bàálù gbé yín padà, mà."

"Bẹ́ẹ̀ lọmọ mi náà wí," ni ó dáhùn.

Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ló ń dà á láàmú láti àárọ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀ bí a ṣe ń rìn padà.

Nígbà tí a dé ìdí àga wa, kò bọ́ sí ìdí fèrèsé mọ́. Ó jókòó sí àárín, ó ní, "Ìwọ bọ́ síbẹ̀. Ìwọ lo fẹ́ máa wò ó."

Mo bọ́ síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, níwájú apá, ojú mi tó ṣẹ́kù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì gan-an bí mo ṣe tò ó ní pálọ̀ wa. Mo gbé ìdérí sókè. Ó wà níbẹ̀, ó pupa, ó tẹ́ lọ, oòrùn kò yọ mí lẹ́nu, apá bàálù kò dí mi. N kò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ojú ìyá. Mo yí padà, mo rí i tó ń wo ẹ̀yìn mi síta, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, bí ìgbà téèyàn ń fi ẹnu to ọ̀nà kó má baà gbàgbé ibi tó gbà wá.

Mo tún wo ìta lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fa ìdérí náà sílẹ̀ fúnra mi, títí ó fi kan ìsàlẹ̀.

Ìyá ní, "Ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán, mà."

Ó mí kanlẹ̀, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ó pa ojú dé. Nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú mi, bàálù náà ṣì wà láàárín aṣálẹ̀, ilẹ̀ tó kù níwájú rẹ̀ sì pọ̀. Mo na ọwọ́, mo pa á.